Lẹ́tà Abẹ́ Ìgò Iyọ̀

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí lẹ́tà náà ti wà lábẹ́ ìgò iyọ̀.
Yunifásítì ní àyè ti ṣí, kí Jagna máa bọ̀,
ọdún méjì gbáko, oyè gíga nínú ìmọ̀ irin àti ọkọ̀ ojú omi.
Kó fèsì, ó pẹ́ tán, lọ́jọ́ Ẹtì.
Ọbẹ̀ bíìtì ti ta sí ibi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Gdynia, oṣù kọkànlá. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, ilẹ̀ ti ń ṣú.
Òkun dúdú bí ọ́ìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò nínú ẹ́ńjìnnì,
atẹ́gùn ń fi eyín gé etí ẹni.
Jagna ṣírò. Ṣebí ìṣirò niṣẹ́ rẹ̀.
Ó dojú lẹ́tà dé, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé:
owó oṣù mẹ́rìnlélógún tí kò ní wọlé,
owó ilé, owó ọkọ̀ ojú irin,
eyín ìyá rẹ̀ tó ń fẹ́ àtúnṣe.
Ó gbé e ka iwájú èlé tí oyè lè mú wá.
Ọdún mẹ́sàn-án kí gbèsè tó tán.
Ó tún un ṣe.
Mẹ́sàn-án náà ni.

Seweryn ti gba oyè yẹn. Àga rẹ̀ àti ti Jagna fara kanra.
Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú gíláàsì lókè ẹ̀rọ kọfí,
owó oṣù rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti Jagna lọ.
"Oyè kì í gbé irin," ni Seweryn máa ń wí, tẹ̀rín tẹ̀rín.
Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ táwọn oníbàárà láti Nọ́wè ń wá ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé
lórí bí àárẹ̀ ṣe ń mú irin,
Seweryn ni wọ́n ké sí.
Jagna ló ṣírò rẹ̀, òru mẹ́ta.
Orúkọ rẹ̀ ò sí níbì kankan nínú ìwé náà.

Ọ̀gá Bogumił ńkọ́?
Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ló mọ, kò kọjá ibẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti ń jó irin pọ̀.
Á fi òòlù kékeré kan ara ọkọ̀, á dẹtí, á tún kàn án,
á fi ṣọ́ọ̀kì fa òbìrípo kan: "Ibí."
Ẹ̀rọ ayẹ̀wò ní kò sí nǹkan kan.
Wọ́n gé e. Sísán kan wà nínú rẹ̀, tín-ín-rín bí irun ọmọ tuntun.
"Kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀?" Jagna bi í.
Bàbá náà gbé èjìká sókè.
"Irin sọ fún mi pé ó ń dun òun. Kò sọ ìdí."

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde yóò fẹ̀yìn tì.
Etí yẹn yóò sì bá a lọ sílé.

Oyè. Òye.
Lẹ́tà kan náà la fi kọ méjèèjì, ohùn ló fi wọ́n síra:
ọ̀kan ń ti àárín bọ́ sílẹ̀, ọ̀kan ń ti ìsàlẹ̀ gòkè.
Èmi tí mò ń kọ èyí, mi ò mọ
èyí tí yunifásítì ń tà nínú méjèèjì.

Ìyá rẹ̀ pè é láti Ełk.
"Eyín mi? Eyín mi ti dúró lọ́dún mẹ́fà,
kò ní sá lọ. Ṣé o ti jẹun?"

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Àyè díẹ̀ ṣẹ́ kù lábẹ́ gbèsè ọdún mẹ́sàn-án.
Jagna ya ojú ibi tí irin méjì ti pàdé síbẹ̀,
ó ya sísán náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò,
ìlà kan, ìlà méjì, ìlà márùn-ún,
ó dé ibi tí ìwé tó kà mọ.
Pẹ́ńsù dúró sókè.
Ọbẹ̀ tutù. Aago lu méjìlá, Ẹtì dé.

Ó yí lẹ́tà náà padà kó lè rí àdírẹ́sì wọn.
Ìdí ìgò iyọ̀ ti fi àpá sílẹ̀ lójú ìwé,
òbìrípo funfun kan,
bí èyí tí Bogumił máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fà.
Ibí.
Kò sọ ìdí.