Ahọ́n Pánla

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wá, èmi àti Solfrid,
nígbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ lé wa lọ́wọ́
nínú ahéré ẹja létí òkun Lofoten,
níbi tí oòrùn kì í yọjú rárá lóṣù Kejìlá.
Iṣẹ́ ọmọdé ni ahọ́n ẹja gígé níbẹ̀:
fi orí ẹja kọ́ ìṣó,
kí ọ̀bẹ kọjá lẹ́ẹ̀kan, kí ahọ́n bọ́ sínú garawa.
Ìka wa a kú, imú wa a máa ṣomi,
ṣùgbọ́n owó ni, owó gidi, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Èmi ra pákó ìyọ̀ orí yìnyín, aláwọ̀ pupa.
Lọ́sẹ̀ kejì mo ra ṣokoléètì fún gbogbo kíláàsì,
wọ́n ń pè mí ní Eilert Olówó.
Adùn orúkọ yẹn ṣì wà létí mi.

Solfrid ní tirẹ̀, nínú ahọ́n mẹ́ta tó bá gé,
ọ̀kan ti báǹkì ni.
Ìyá rẹ̀ àgbà, Torbjørg, ló fà á lọ́wọ́ lọ;
akọ̀wé ní láti nàgà kó tó rí orí rẹ̀.
Mo bi í pé, "Kí lo fẹ́ fi rà?"
Ó ní, "N ò tíì mọ̀."
Mo rò pé òmùgọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ n sọ bí a ṣe ń ṣe pánla fún yín,
ẹ̀yin tí ẹ ń bá a pàdé nínú ọbẹ̀ nìkan.
A kì í fi iyọ̀ sí i. A kì í yan án.
Orí igi la ń so ó kọ́, méjì méjì, ìrù mọ́ ìrù,
lóṣù Kejì, tí òtútù ò le jù, tí kò sì dẹ̀ jù,
a ó wá lọ sílé.
Ó ku afẹ́fẹ́.
A sùn, ó ń ṣe é. A jí, ó ń ṣe é.
A jà, a parí ìjà, a sin òkú, a sọmọ lórúkọ,
ó ń ṣe é.
Tó bá di oṣù Kẹfà, ẹja ti le bí igi,
ó tó ẹni tí ń la òkun já.
Ṣùgbọ́n èyí tí a bá so lóṣù Karùn-ún,
ẹja kan náà, ọwọ́ kan náà, okùn kan náà,
eṣinṣin ló ni ín.

Ọgbọ̀n ọdún kọjá kí n tó mọ̀
pé ohun tí Solfrid so kọ́ sí báǹkì nìyẹn.
Èlé bímọ. Ọmọ èlé náà lóyún.
Kò ṣe ju pé ó tètè so ó, kò sì tú u.

Lọ́dún tó pé ogójì, ẹ̀rọ tí ń fa àwọ̀n gbá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú.
Oṣù mẹ́jọ, kò ṣiṣẹ́.
N ò gbọ́ pé ó yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Mo lọ kí i, ó fi ọwọ́ òsì po kọfí fún mi.
Mo ní, "Ìbá ṣe pé mo bá ọ lọ nígbà náà."
Kò wàásù fún mi, kò fi mí ṣẹ̀sín.
Ó mú ìwé báǹkì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde.
Mo gbóòórùn rẹ̀:
ẹja.

Lọ́jọ́ kejì ni mo so tèmi.
Ó ti pẹ́, mo mọ̀; ó kéré, mo mọ̀.
Atukọ̀ kan tó ń kó pánla wá sọ́dọ̀ yín sọ fún mi
pé kékeré lẹ ti ń pẹ̀ka ìrókò.
Kò sí ìrókò níbí. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí igi kankan.
Ṣùgbọ́n ó yé mi.

Ọmọ mi Ragnhild pé mẹ́sàn-án lóṣù tó kọjá.
Lánàá ó gba owó ahọ́n rẹ̀ àkọ́kọ́,
ó kó o há àtẹ́lẹwọ́, ó ń wo ojú mi,
ó ń wo ṣọ́ọ̀bù ṣokoléètì.
Mo ní, "Ra ẹyọ kan. Máa jẹ ẹ́ lọ lójú ọ̀nà.
Agogo mẹ́rin ni báǹkì ń tìlẹ̀kùn,
jẹ́ ká yára."