Ibi Tí Irin Dé

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń ra kajú ní Kàbà.
Bí àgbẹ̀ bá sọ àpò kalẹ̀ láti Ìyàrà tàbí Ògìdì,
n kì í tú u. Irin oníhò ni mo fi ń gún un,
ẹ̀kúnwọ́ kan á yọ́ sí mi ní àtẹ́lẹwọ́.
Mo máa fi ọ̀bẹ la ogún nínú rẹ̀:
èyí funfun, èyí ràn, èyí ti di èédú.
Ogún yẹn ni mo fi ń dá gbogbo àpò lẹ́jọ́.

Nítorí náà, ohun tí dókítà ń ṣe yé mi
nígbà tó wá kókó náà kàn nínú ọmú òsì mi,
tó gún un, tó fà, tó tún gún un.
Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín. Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò.
Ó da omi fẹ́ẹ́rẹ́ kan sórí gíláàsì pẹlẹbẹ,
ó ní Lọ́kọ́ja ni wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́ Ẹtì méjì kọjá.
Ìwé dé, ìlà mẹ́rin péré.
Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́:
*èyí tí a rí kò tó dájọ́.*

"Wọn ò rí i!" Yeye Ìbítóyè, ìyá ọkọ mi,
ti na ọwọ́ sókè, ó ti ní kí wọ́n gbé iṣu kaná.
Ta ni yóò ba ayọ̀ arúgbó jẹ́?
Ṣùgbọ́n "a ò rí i" àti "kò sí níbẹ̀",
ìyá kan náà kọ́ ló bí wọn.

Mo rántí àpò Ọlọ́runnípa, ọdún tí òjò tètè dé.
Mo gún un lókè, mo gún un níhàá,
gbogbo ogún funfun bí eyín ọmọdé.
Mo sanwó. Nígbà tí a tú u,
nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tó ti sùn lórí ilẹ̀ tútù,
agolo mẹ́ta ti bu, ó hu irun bí ewú.
Irin mi ò purọ́. Ibi tó dé ló sọ.

Mo bi dókítà: "Abẹ́rẹ́ yín ńkọ́, ó máa ń ṣìnà?"
Ó wo fáànù tí kò yí.
"Tó bá ní àrùn wà, kì í sábà purọ́.
Tó bá ní kò sí, a ó bi ọwọ́ wa, a ó bi ẹ̀rọ;
bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fohùn ṣọ̀kan, a sùn.
Tiyín ò ṣọ̀kan, màmá."
Abẹ́rẹ́ tó kàn nípọn. Ó ń gé ẹran jáde
bí ṣóńṣó ìgbálẹ̀. Owó rẹ̀ tó àpò kajú méjì.

Lálẹ́, ìka mi a máa dá lọ bá a.
Ó le bí kajú tí a kò tíì là,
ó ń yẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé mo ń bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó wọ mọ́tò,
mo fi irin lé Ìbídàpọ̀, ọmọṣẹ́ mi, lọ́wọ́.
Ó ní, "Okun o, ẹ ó bá ire bọ̀."
Mo ní, àmín.
Mo ní, láti òní lọ,
máa dorí àpò kodò kí o tó gún un.