Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Tíì Mọ̀ Ọ́n

Àárọ̀ Ọjọ́rú, ní Ìjọ̀kà, a tò sórí bẹ́ǹṣì,
ikùn mẹ́jọ, káàdì mẹ́jọ, fáànù kan tó ń kérora.
Nọ́ọ̀sì Akíngbàsọ́ so rọ́bà mọ́ mi lápá:
"Wo ojú fèrèsé, ìyá ìkókó."
Mo wo ojú fèrèsé.
Ìgò kékeré gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n kọ orúkọ sí i lára,
Adétutù ni wọ́n kọ. Adétóún ni mí.
Mo ní kí wọ́n tún un kọ.

Kòkòrò náà, wọ́n ní, ń gbé inú ìgbẹ́ ológbò,
inú ẹran tí iná kò wọ̀ dénú,
inú erùpẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ìdí ewé ẹ̀fọ́.
Àgbà lè gbé e kó má mọ̀:
ibà díẹ̀, ọrùn wíwú díẹ̀, ó tán.
Ṣùgbọ́n ojú ọmọ inú, ọpọlọ ọmọ inú,
ibẹ̀ ni kì í ti í ṣeré.

Mo rántí Gómìnà,
ológbò wa, dúdú bí ìdí ìkòkò,
ọlọ́dẹ eku nínú ilé kòkó bàbá ọkọ mi,
tó ń sùn lórí àpò, tó ń ṣu sínú iyanrìn
tí mò ń fọwọ́ lásán kó láti ọdún méjì.

Ọ̀sẹ̀ méjì, èsì dé.
Ti Olúfúnmbi, àmì àtijọ́ ni:
ó ti pàdé rẹ̀ rí, bóyá lọ́mọdé, lóko Ìdànrè,
ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá a jà, ó sì borí.
Wọ́n ní kó máa lọ. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wá bàtà.
Tèmi, òfìfo.
Mo ti la ẹnu ọpẹ́.
"Dúró ná," ni nọ́ọ̀sì wí,
"ẹ̀jẹ̀ tìrẹ kò tíì mọ̀ ọ́n.
Bó bá kanlẹ̀kùn lónìí, àlejò ni yóò pè é,
àga ni yóò gbé fún un."

Ọkọ mi ló ń kó iyanrìn báyìí, ó ń ráhùn, ó ń bọ ìbọ̀wọ́.
Mo ń fọ ẹ̀fọ́ títí omi yóò fi mọ́ bí omi mímu.
Lálẹ́, mo gba iwájú alásùyà Alágbàka kọjá,
mo fa òórùn rẹ̀ símú, mo gbé itọ́ mì.
Gómìnà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí ajigbèsè.
Má bínú.
Ẹnìkan wà níbí tí kò tíì lórúkọ.

Oṣù tó ń bọ̀, màá tún na apá mi.
Kí wọ́n tó kọ ọ́ sára ìgò,
màá dárúkọ ara mi lẹ́ẹ̀mejì.