Eku Kò Ní Òróòro

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí oòrùn tó gun Ọ̀bànlá,
mo ti wà ní ilé eku.
Òórùn ìtọ̀ àti ìyẹ̀fun pákó ló ń kí mi káàárọ̀.
Mo gbé wọn lé ìwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan,
mo di ìrù mú, mo ka nọ́ńbà, mo kọ ọ́ sílẹ̀.
Bàbá mi náà fi ìwọ̀n jẹun:
kòkó ló ń wọ̀n, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
ní ìsọ̀ kan lẹ́yìn Arákàlẹ̀.
Kò fi ìka tẹ ìwọ̀n rí.

Kéèjì kìíní ń jẹ oúnjẹ eku.
Kéèjì kejì ń jẹ èyí tí mo yọ́ ọ̀rá màálù sí,
omi ṣúgà ni wọ́n fi ń tì í.
Kéèjì kẹta ń jẹ bẹ́ẹ̀, ó ń mu bẹ́ẹ̀,
ṣùgbọ́n mo máa ń ro omi ewúro sí wọn lẹ́nu nírọ̀lẹ́.
Dókítà Adétìmẹ́hìn ní kí n má sọ wọ́n lórúkọ.
N kò sọ wọ́n lórúkọ.
Ìkeje nínú kéèjì kejì nìkan,
tó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu ìgò mú
bí àgbàlagbà tó rí mínírà tútù,
òun nìkan ni mò ń pè ní Bàbá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Dókítà.

Bàbá mi kò mutí rí.
Bí wọ́n bá ń gbé ẹmu kiri níbi ìsọmọlórúkọ,
ọwọ́ ló fi ń bo ife tirẹ̀.
Búrẹ́dì olóyin, mínírà, ẹran ọlọ́ràá tí wọ́n dín gbẹ,
àga kan ṣoṣo láti àárọ̀ di alẹ́:
gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyẹn.
Lọ́jọ́ tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìbẹ́pẹ,
tí ikùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ wọ ọsibítù,
nọ́ọ̀sì wo ìwé, ó wo ojú rẹ̀, ó ní,
“Bàbá, ìgò mélòó lóòjọ́?”
Ó ní òun kì í mu.
Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín.
“Bí gbogbo yín ṣe máa ń wí nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ náà ṣáájú wa dé Ìsinkàn.
Wọ́n ní, Olúwatúyì, ọ̀mùtí ìkọ̀kọ̀!
Wọ́n ní ẹ̀yìn àpò kòkó ló ń tọ́jú rẹ̀ sí.
Èmi, ọmọ bíbí inú rẹ̀,
mo dìde lóru, mo gbọ́ òórùn ife rẹ̀.
Omi ni.
Mo tún gbọ́ ọ.
Ó rí mi láti orí ibùsùn, kò sọ nǹkan kan.
Ó fẹ̀dọ̀ lórí òróòro,
ẹ̀dọ̀ tó ń dùn ún yẹn náà ni.

Ọ̀sẹ̀ kejìlá pé.
Dókítà fa abẹ́rẹ́, a fi oorun tàn wọ́n lọ.
Ọwọ́ mi ni Ìkeje sùn sí.
Nígbà tí a là á, ẹ̀dọ̀ mi fò;
ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ léfòó nínú ìgò oògùn,
ó pupa rúsúrúsú bí àgbàdo.
Lábẹ́ maikirosíkóòpù, ihò funfun, ihò funfun,
bí inú búrẹ́dì,
ọ̀rá ló sì ń gbé inú ihò kọ̀ọ̀kan.
Ta ló bu ọtí fún un?
Èmi ni mò ń fún un ní mímu.
Èmi ni mo mọ̀.

Ti kéèjì kẹta sàn díẹ̀.
Díẹ̀ náà ni. Dókítà ní ká má tíì pariwo,
eku kì í ṣe ènìyàn.
Mo béèrè ibi tí ìyàtọ̀ wà.
Ó fi ẹnu abẹ gbé ẹ̀dọ̀ náà sókè:
“Wo abẹ́ rẹ̀. Eku kò ní òróòro.”

Mo wo abẹ́ rẹ̀ títí.
Lóòótọ́, kò sí ibi tí ì bá gbé e lé.

Nírọ̀lẹ́ mo fọ kéèjì kejì.
Omi ṣì kù nísàlẹ̀ ìgò Ìkeje.
Mo gbé e sí imú.
Ṣúgà ni.