Aro Tí A Kùn Láró

Tíàmíyù, má bínú sí mi.
Iṣẹ́ rẹ dán. Ó dán bí ẹyinjú ẹja tútù.
Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta,
níbi tí o ti ń da àwọ̀ tuntun bo mọ́tò tó ti forí gbá ògiri,
ibẹ̀ ni mo gbé aro mẹ́ta wá, mo fi àpò sìmẹ́ńtì wé wọn
bí ẹni gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́.

Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ló ní kí gbogbo nǹkan jẹ́ búlúù:
kọ́tìnì, àga, ọ̀pá máíkì,
títí kan bébà tí wọ́n fi wé bisikíìtì àwọn ọmọdé.
Ìyá Ìjọ wo aro, wọ́n ní, "Èyí ti dógùn-ún."
Kò dógùn-ún. Idẹ ni. Ọjọ́ orí rẹ̀ ju tèmi lọ.
Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Mo dákẹ́.
Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì sọ̀rọ̀,
ẹnu rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mú.

O bi mí pé, "Ẹ̀ẹ̀kan àbí ẹ̀ẹ̀mejì?"
Mo ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ìwà òmùgọ̀ mi nìyẹn.
O fi sánpépà họ ọ́, o fín in, o so ó rọ̀ láàárín bọ́mpà méjì,
ó ń yí nínú atẹ́gùn, àwọ̀ ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò.
Ènìyàn mẹ́ta dúró wò ó. Ọ̀kan béèrè bóyá abọ́ ni.

Àmì ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín aro àti aró.
Èmi ni mo fi àmì náà sí i.

Lọ́jọ́ Àìkú mo gbé igi sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀:
pù.
Bí ẹni lu ìdérí ìkòkò tí aṣọ tútù bò.
Kò sí ṣááááá tó máa ń gba fèrèsé jáde
lọ bá àwọn ayùn Oko Bàbá jà létí ọ̀sà.
Idẹ fẹ́ gbọ̀n. Ọ̀dà dì í lápá mú.
Nǹkan tó bá fẹ́ dún gbọ́dọ̀ ráyè gbọ̀n;
mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ọwọ́ mi ló kọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ìjọ kò mọ̀. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, búlúù ń bá búlúù jó.
Ṣùgbọ́n Bàbá Mákinwá jókòó.

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni wọ́n fi wà nídìí ẹ̀rọ ìlagi.
Ayùn ti jẹ etí wọn méjèèjì láti inú, bí ikán ṣe ń jẹ pákó.
Wọn kì í gbọ́ ìwàásù. Wọn kì í gbọ́ dùùrù.
Gbogbo wa rò pé adùn orin ló ń gbé wọn dìde.
Aro ńlá nìkan ni: ariwo rẹ̀ jọ ti ayùn,
ó mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ ibẹ̀.
Wọ́n jókòó títí orin fi parí, fìlà lórí itan,
wọ́n ń wo ẹnu wa
bí ẹni dúró de ọkọ̀ ojú omi tó ti lọ.

Ìyẹn ló gbé mi padà wá, Tíàmíyù, lálẹ́ ọjọ́ kan náà.
O ń jẹ búrẹ́dì, o nawọ́ mú tínà láìbéèrè.
A fi àkísà nù ún, a tún nù ún, imú ń ta wá,
idẹ ń yọ díẹ̀díẹ̀.
Ṣùgbọ́n ó kù sínú ìlà, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́
tí ẹni tó rọ ọ́ fà yí i ká. Búlúù sùn síbẹ̀, kò jáde.
Mo fẹ́ fi irin họ ọ́. O ní, "Jẹ́ kó wà.
Tí a bá họ ọ́ jù, a ó họ ohùn rẹ̀ mọ́ ọn."

Ohùn náà padà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀.
Ó há díẹ̀ nísinsìnyí, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.
Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lù ú, mi ò wo pẹpẹ,
ìjókòó kẹrin lápá òsì ni mo ń wò.
Fìlà kúrò lórí itan.

Ìyá Ìjọ ní aro kò bá kọ́tìnì mu mọ́.
Búlúù ṣì wà lábẹ́ èékánná mi. Mo fi jẹ ẹ̀bà láàárọ̀ yìí.