Àmì Lórí Ẹ̀pẹ́

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo gbé e wọlé, lẹ́yìn ìrun,
kọ̀ǹpútà tuntun, owó àjọ ọdún méjì
tí mo bá àwọn ẹlẹ́ja Olúwo dá.
Mo ti ya páálí. Mo ti fi etí bùbá nu ojú rẹ̀.
Ìwé àtijọ́ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́,
èyí tí ọ̀rinrin ọ̀sà ti ń fọ tádàwà rẹ̀ lọ.
Ó yá, kí n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé.

Ràmọ́tà, ọmọ àbúrò mi, di ọwọ́ mi mú.
"Bàbá, ẹ sinmi. Ilé òfìfo lẹ rà yìí.
Ẹni tó bá kó dé ilé òfìfo, ilẹ̀kùn ló ń kọ́kọ́ wò,
kì í ṣe ibi tí yóò gbé àga sí."

Ó gba ọlọ́dẹ kan síṣẹ́, ó fi í sẹ́nu ọ̀nà.
Ó ní kòkòrò inú ayé yìí kì í jẹ àgbàdo,
ọ̀rọ̀ ló ń jẹ,
a sì máa sọ iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá di ìyẹ̀fun lóru ọjọ́ kan.
Ó ṣí fèrèsé tí n ó máa gbà yọjú sáyé.
Ó gbé èyí tí a fi ń tẹ̀wé wá, ọ̀fẹ́ ni,
ó ní kí n má ra ayédèrú
lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń ta fìláàṣì nítòsí gáréèjì,
pé olè kì í ta ilé kó má mú kọ́kọ́rọ́ kan pamọ́.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ́ bí ọkọ̀ tó há sínú òṣíbàtà.
Dátà mi ń jò. Mo ń ka owó rẹ̀ lọ́kàn.

"Ó tó," mo ní. "Jẹ́ kí n kọ orúkọ ara mi."
Mo tẹ̀ ẹ́: Lamidi Sunmonu, omo Epe.

Mo wò ó. Mo yọ gíláàsì, mo tún un wọ̀.
Epe. Ọmọ èpè.
Ta ló bí mi sínú èpè, Ràmọ́tà?
Mo tẹ ìlà kejì, bóyá ojú mi ni:
Baba wa fi awon sile fun awon omo re.
Awon, awon.
Èwo nínú wọn ló ń pẹja, èwo ni ebi ń pa?

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, kò pẹ́ tó fi dákẹ́.
Ó wá kíbọ́ọ̀dù kan tó gbọ́ èdè wa lọ,
ó kéré ju gbogbo èyí tó ti fi síbẹ̀.
Wọ́n mú iná lọ. Bátìrì gba iṣẹ́ náà ṣe.
Ìlà aláwọ̀ ewé kan rákò, rákò, ó débẹ̀.

E kan: mo ju ìdákọ̀ró sísàlẹ̀ rẹ̀ kó má bá omi lọ,
mo na àjẹ̀ lé e lórí, àjẹ̀ tó dorí kọ ilẹ̀.
E kejì: ìdákọ̀ró, àjẹ̀ tó gbórí sókè.
Ẹ̀pẹ́.
Mo pè é jáde. Ìlú mi ló dá mi lóhùn.

"Ó ku ọ̀kan," Ràmọ́tà ní.
"Ẹ̀dà kan níbí, ẹ̀dà kan lókèèrè.
Tí omi bá gbé ọ̀kan, èkejì á ṣẹ́kù."

Ta ni yóò kọ́ mi nìyẹn?
Ìyá wa kò jẹ́ kí èmi àti Bísíríyù wọ ọkọ̀ kan náà rí.
Ọjọ́ tí ìjì dé, tirẹ̀ ló dojú dé.
Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi ṣẹ́kù
tó ń tẹ orúkọ rẹ̀ lónìí
pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kò dín kan.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ béèrè páásíwọ́ọ̀dù,
ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíì kò ní mọ̀, tí èmi kò sì lè gbàgbé.
Ràmọ́tà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Mo fi orúkọ ọkọ̀ náà sí i.