Ẹwà, Ẹ̀wà

Orúkọ tí wọ́n sọ mí ni Ẹwàolúwa.
Ní kíláàsì wa ní Ìkẹ́rẹ́, lọ́dún tí irorẹ́ bo ojú mi,
Túbọ̀sún ló kọ́kọ́ mú re, ó sọ ọ́ di dò.
Ó fà á wálẹ̀ díẹ̀ péré, bí ẹni fa ṣòkòtò ọmọdé,
Ẹwà sì di ẹ̀wà:
ẹ̀wà olóyin, ẹ̀wà aláta, ẹ̀wà tí kò jinná,
gbogbo rẹ̀ lójú ọmọ kan ṣoṣo.

Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe?
Ṣùgbọ́n lálẹ́, mo gbé dígí ìyá mi lé orí itan,
mo ń ka iwájú orí mi bí àgbẹ̀ ṣe ń ka ebè:
ogún lápá ọ̀tún, mọ́kànlélógún lápá òsì,
ọ̀kan gbàgìdì lórí imú tó dá dúró bí Olósùnta.

"Fítámì ni kò tó lára rẹ,"
Bùọ̀dá Arọ́wọ́lò wí, ní kẹ́míìsì rẹ̀ ní Odò-Ọjà.
Ó ka hóró sínú ọ̀rá:
pupa fún ẹ̀jẹ̀, ìyeyè fún awọ ara,
síńkì funfun tó ń rùn bí owó irin,
ó sì fi Bíkó ṣe èènì.
Owó ìwé bàọ́lọ́jì mi ló bá a lọ.

Ọ̀kan láàárọ̀, ló wí.
Mo ní bí ọ̀kan bá ń tún ojú ṣe lóṣù mẹ́ta,
mẹ́ta á tún un ṣe lóṣù kan.
Ìṣirò ni mo mọ̀ jù.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìtọ̀ mi pọ́n bí omi ọsàn.
Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ètè mi là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀,
orí ń fọ́ mi, iyọ̀ ọbẹ̀ ń ta mí lẹ́nu,
irorẹ́ tuntun sì ń yọ láàárín ti àtijọ́
bí àlejò tó gbọ́ pé wọ́n ń se oúnjẹ.

Màmá àgbà bá mi níbi tí mo ti da hóró mẹ́ta sí àtẹ́lẹwọ́.
Uyán ló ń gún, ọmọ odó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Kò bínú. Ó kàn bi mí pé,
"Ọdún tí bàbá rẹ da ajílẹ̀ àpò méjì sí oko etílé ńkọ́?"
Mo rántí. Ewé ṣú bí igbó.
A wa iṣu lẹ́ẹ̀rùn, kò ju àtàǹpàkò lọ.

Nọ́ọ̀sì Fádípẹ̀ ní ọsibítù ìjọba,
ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ náà ní àpá wẹ́wẹ́,
tú ọ̀rá náà sórí tábìlì,
ó ń yà á sọ́tọ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.
"Má lo èyí mọ́. Èyí náà.
Ta ló ní nǹkan kù lára rẹ? Ta ló yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò?"
Mi ò dáhùn. Dígí nìkan ló yẹ̀ mí wò.
Ó kọ ìpara fún mi, ó ní ọṣẹ tí kì í ta ni kí n máa lò,
kí n ní sùúrù, kí n má tẹ̀ ẹ́.
Ó dákẹ́, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.
"Èmi tẹ̀ ẹ́."

Kò lọ tán o. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́.
Mo ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún,
síbẹ̀ bí oṣù bá ti ń parí lọ, ọ̀kan á yọjú ní àgbọ̀n mi
bí agbowó-orí.
Ìyókù hóró náà ṣì wà nínú agolo mílíìkì lókè àjà,
mi ò mọ ìdí tí mi ò fi dà á nù.
Bí tírélà òkúta bá ń gun ọ̀nà Ìgbàrà-Odò lóru,
ilé á mì díẹ̀,
agolo á dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí ẹ̀wà gbígbẹ,
èmi á sì dáhùn láti inú oorun:
re, dò. Re, dò.
Ẹ pè é dáadáa.